Ìfiwéra Àwọn Ìwé Pélébé Inú Páálí Káàdì Tarot, fún Ẹni tí ó Fẹ́ Rà á ní Ìkòròdú

Ojú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ra káàdì tarot, ìyẹn káàdì alàwòrán tí àwọn kan fi ń wo ọjọ́ iwájú. Wọ́n rí àwòrán rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó wù wọ́n, wọ́n sanwó, ó sì di ìgbà tí ọlọ́kadà tí ń gbé ẹrù kiri bá fà á lé wọn lọ́wọ́ ní Ògòlóńtó tàbí ní Ìgbógbò kí wọ́n tó ronú ohun tí wọn yóò fi káàdì 78 ṣe. Káàdì kò lè la ẹnu ṣàlàyé ara rẹ̀. Ìwé pélébé tí wọ́n fi sínú páálí ni olùkọ́ àkọ́kọ́ fún ẹni tí kò ní àgbà kan nítòsí tí ó mọ ọ̀nà náà, nítorí náà, èrò tèmi ni pé ìwé yẹn gan-an ni ó yẹ kí ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ fi yan páálí tí yóò rà, kí ẹwà àwòrán máa tẹ̀ lé e. Àwọn ìwé wọ̀nyí kò sì dọ́gba rárá: òmíràn kò ju ojú ewé díẹ̀ lọ, òmíràn nípọn tó ìwé ìtàn, àwọn páálí kan sì wà tí ẹ kò ní bá ìwé kankan nínú wọn.

Ó dára kí a kọ́kọ́ mọ bí iṣẹ́ tí ó wà níwájú ìwé náà ti pọ̀ tó. Ìhà àríwá ilẹ̀ Ítálì ni káàdì tarot ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n sì ń fi í ṣeré gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń fi Whot ṣeré. Ó di ọ̀rúndún kejìdínlógún ní ilẹ̀ Faransé kí àwọn ènìyàn tó sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń wo ọjọ́ iwájú. Káàdì ńlá 22 ni ó ní orúkọ tirẹ̀, bí Ikú, Ilé Gogoro àti Oòrùn. Àwọn 56 tí ó kù pín sí agbo ilé mẹ́rin, tí n ó máa pè ní Ọ̀pá, Ife, Idà àti Owó. Káàdì 14 ni ó wà nínú agbo ilé kọ̀ọ̀kan: láti oókan dé ẹẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni àwọn ará ààfin mẹ́rin, ìyẹn ìránṣẹ́, ẹlẹ́ṣin, ayaba àti ọba. Bí a bá ka ìtumọ̀ ti káàdì tí ó dúró ṣánṣán, tí a sì ka ti èyí tí ó dorí kodò, ìtumọ̀ 156 ni ìwé kan gbọ́dọ̀ tò kalẹ̀.

Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò fàyè gba irú nǹkan báyìí mọ ohun tí yóò ṣe, n kò sì ní bá a jiyàn. Àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ ọnà rẹ̀ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á, tàbí ìtàn tí wọ́n ń kọ, tàbí kí wọ́n lè fi gbé ọ̀rọ̀ ara wọn yẹ̀ wò. Ẹ má sì retí pé kí ìwé inú páálí fún yín ní irú ìmọ̀ tí Ifá ń béèrè. Babaláwo a máa jókòó ti ọ̀gá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, a máa kọ́ ẹsẹ Odù láti ẹnu sí etí, Odù náà sì jẹ́ 256. Ìwé tí à ń sọ níhìn-ín kò ju atọ́nà fún ìbẹ̀rẹ̀ lọ.

Káàdì tí mo fi ṣe òṣùwọ̀n

Idà Mẹ́fà ni mo fi dán gbogbo wọn wò, nítorí pé àwòrán rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ará Ìkòròdú. Nínú páálí tí òǹkọ̀wé Arthur Edward Waite àti ayàwòrán Pamela Colman Smith ṣe, èyí tí ilé iṣẹ́ William Rider & Son gbé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1909, atukọ̀ kan dúró lẹ́yìn ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, ó ń fi ọ̀pá tì í lọ. Obìnrin kan tí ó fi aṣọ borí jókòó níwájú rẹ̀, ó tẹ orí ba. Ọmọdé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà. Idà mẹ́fà sì dúró ṣánṣán níwájú wọn nínú ọkọ̀. Bí ẹ bá fara balẹ̀ wò ó, ẹ ó rí i pé omi ń ru ní apá kan ọkọ̀, ó sì pa rọ́rọ́ ní apá kejì. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ rí ní èbúté Ìpakodò lọ sí Èkó ní òwúrọ̀ kùtù ti mọ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ káàdì yìí kí ó tó ṣí ìwé kankan: ojú ọ̀nà ni wọ́n wà, ẹrù wà nínú ọkọ̀, ẹlòmíràn ni ó ń tukọ̀, wọn kò sì tíì gúnlẹ̀. Ìwé tí ó bá máa wúlò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ojú ti bẹ̀rẹ̀, kí ó mú ohun tí a rí lọ sí ohun tí a ó sọ. Èyí ni mo ń wá nínú ìwé kọ̀ọ̀kan.

Ìwé kékeré funfun

Orúkọ tí àwọn tí ó ti pẹ́ nídìí káàdì yìí ń pè é nìyẹn, òun ni ó sì wọ́pọ̀ jù. Kò tóbi ju káàdì fúnra rẹ̀ lọ, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méje ní ìbú àti méjìlá ní gígùn. Pín sítépùlà méjì ni wọ́n fi dì í láàrin, lẹ́tà inú rẹ̀ sì kéré débi pé ẹni tí ń lo gíláàsì yóò sún mọ́ iná dáadáa kí ó tó lè kà á. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní alẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀la.

Ìlà méjì tàbí mẹ́ta ni ó ń fún káàdì kọ̀ọ̀kan. Nípa Idà Mẹ́fà, àwọn ọ̀rọ̀ tí Waite tò sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ìwé kékeré sì ń tún sọ títí di òní, ni ìrìn àjò orí omi, ipa ọ̀nà, ìránṣẹ́, aṣojú àti ọgbọ́n àbáyọ. Bí káàdì náà bá dorí kodò, ó di ìkéde, ìjẹ́wọ́ àti ọ̀rọ̀ tí ó jáde sí gbangba; Waite tilẹ̀ fi kún un pé ẹnì kan sọ pé ìbéèrè ìfẹ́ ni. Ìrìn àjò orí omi àti ipa ọ̀nà yé ènìyàn, nítorí pé ọkọ̀ wà nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wo ọkọ̀ tí ó dorí kodò tí yóò sọ pé ẹnì kan ni ó fẹ́ dẹnu ìfẹ́ kọ òun?

Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé inú àwòrán kọ́ ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ọkùnrin ará Faransé kan tí ń jẹ́ Jean-Baptiste Alliette, tí ó yí orúkọ ìdílé rẹ̀ sódì tí ó fi di Etteilla, ti tẹ ìwé jáde lórí fífi tarot wo ọjọ́ iwájú ní 1785, orí àwọn káàdì tirẹ̀ sì ni wọ́n máa ń tẹ ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ náà sí, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ ní ìdorí-kodò. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ti ń rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, MacGregor Mathers, gbé irú wọn jáde nínú ìwé kékeré kan ní 1888, Waite náà sì mú nínú wọn nígbà tí ó di tirẹ̀. Nígbà tí Smith wá ya àwòrán tuntun, ọ̀rọ̀ àtijọ́ kò kúrò nílẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé orí yín ni kò pé bí ọ̀rọ̀ inú ìwé àti àwòrán ọwọ́ yín kò bá bára mu. Ìtàn bí wọ́n ṣe pàdé ni ó fà á.

Waite kò sì gbàgbé àwòrán pátápátá. Ó kọ gbólóhùn kan tàbí méjì kí ó tó to ọ̀rọ̀, ó sì sọ nípa Idà Mẹ́fà pé omi náà pa rọ́rọ́, ẹrù ọkọ̀ kò sì wúwo ju agbára atukọ̀ lọ. Gbólóhùn yẹn nìkan wúlò ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó tò lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ó ṣeni láàánú pé irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ni ó kọ́kọ́ máa ń fò kúrò níbi tí àyè bá ti há mọ́ atẹ̀wé. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìwé kékeré funfun méjì tí iye wọn dọ́gba, èyí tí ó sọ ohun tí ó wà nínú àwòrán ni kí ẹ mú.

Ohun mìíràn tí ó yẹ kí ẹ ṣọ́ nínú rẹ̀ ni ìtò káàdì, ìyẹn bí a ṣe ń to káàdì sílẹ̀ láti kà á. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé kékeré wọ̀nyí kò fi ju ìtò kan ṣoṣo kọ́ni, ìyẹn Celtic Cross, tí ó ń béèrè káàdì mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ lórí káàdì kan ni wọ́n ní kí ó so mẹ́wàá pọ̀. Ìwé tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí káàdì kan, tí ó lọ sí mẹ́ta, kí ó tó dé mẹ́wàá, mọ irú ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀.

Àwọn kan wà tí èdè púpọ̀ jọ ń gbé inú ìwé kan. Ilé iṣẹ́ Lo Scarabeo, tí ó wà ní ìlú Turin ní Ítálì, ni a mọ̀ dáadáa fún èyí: Gẹ̀ẹ́sì, Ítálì, Sípéènì, Faransé àti Jámánì a máa wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé wọn. Àwòrán wọn a máa dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò yìí: bí ìwé bá ní ojú ewé 60, tí èdè márùn-ún sì pín in dọ́gbadọ́gba, 12 péré ni ó kan ẹni tí ń ka Gẹ̀ẹ́sì, káàdì mẹ́fà tàbí méje ni yóò sì máa há mọ́ ojú ewé kan. Ẹni tí ó ti mọ káàdì tẹ́lẹ̀ ni mo lè gbà nímọ̀ràn pé kí ó rà á.

Ìwé ńlá inú páálí ńlá

Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ni páálí ńlá ti ń gbòde sí i, tí ìwé inú rẹ̀ lè ju ojú ewé 100 tàbí 200 lọ, tí káàdì kọ̀ọ̀kan sì ní ojú ewé tirẹ̀ pẹ̀lú àwòrán. Nínú èyí tí ó dára nínú wọn ni mo ti rí àlàyé tí ó tẹ́ mi lọ́rùn jù. Ẹ jẹ́ kí a fi Idà Mẹ́fà sílẹ̀ díẹ̀, kí a mú Ife Márùn-ún. Ẹnì kan wọ agbádá dúdú, ó tẹ orí ba sí ife mẹ́ta tí ó ti dànù. Ife méjì dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí kò wò. Odò kan wà níwájú, afárá sì wà lórí odò náà tí ó lọ sí ilé kan ní òdì kejì. Ìwé kékeré lè kọ "àdánù" kí ó sì kọjá. Ìwé tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi ìka sí ife méjì tí ó ṣẹ́ kù, yóò fi afárá hàn yín, yóò sì bi yín pé kí ni ẹni yìí kò tíì rí. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ka ìyẹn yóò rántí pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, kò sì tún ní nílò láti ṣí ìwé fún káàdì náà mọ́.

Ṣùgbọ́n sísanra kọ́ ni ọgbọ́n. Àwọn ìwé ńlá kan wà tí ojú ewé wọn kún fún ọ̀rọ̀ dídùn: gba ara rẹ láyè, fetí sí ọkàn rẹ, ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí n bo orúkọ káàdì mọ́lẹ̀, kí n ka àlàyé rẹ̀, kí n sì wò ó bóyá ó lè bá káàdì mìíràn mu. Bí àlàyé tí wọ́n kọ sábẹ́ Idà Mẹ́fà bá lè bá Ife Márùn-ún, Oòrùn àti Ilé Gogoro mu láìyí ọ̀rọ̀ kan padà, ẹni tí ó kọ ọ́ kò ṣàlàyé káàdì kankan.

Ewu kejì ni ti orúkọ. Ayàwòrán mìíràn lè sọ Idà di ìyẹ́ ẹyẹ, kí ó sọ Owó di òkúta, kí ó sì sọ àwọn ará ààfin di ọmọbìnrin, ọmọkùnrin, ìyá àti bàbá. Kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, ìwé yẹn nìkan ni kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ní. Bí ó bá sọnù, tàbí bí ẹ bá fẹ́ ra páálí mìíràn lọ́la, púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ti kọ́ kò ní bá yín lọ. Ìwé tí ó dára nínú irú èyí a máa sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pé ìyẹ́ ẹyẹ dípò Idà, òkúta dípò Owó. Ti owó ìkẹ́rù náà tún wà níbẹ̀, nítorí pé bí páálí bá ti wúwo tó ni owó gbígbé e wá láti òkè òkun ń pọ̀ tó, ìgbà mìíràn sì wà tí owó yẹn ń sún mọ́ iye páálí fúnra rẹ̀.

Marseille àti Thoth

Ẹni tí ó bá ra páálí Marseille, tí ó jẹ́ ti Faransé àtijọ́, kò ní rí ọkọ̀, kò ní rí obìnrin, kò ní rí ọmọ. Idà mẹ́fà tí ó tẹ̀ kọ̀rọ̀bọ̀tọ̀ àti òdòdó kan láàrin wọn ni gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀. Ìwé tí ó bá máa ràn yín lọ́wọ́ níbí gbọ́dọ̀ kọ́ yín ní ohun tí nọ́ńbà mẹ́fà ń sọ àti ohun tí agbo ilé Idà ń sọ, kí ẹ lè so méjèèjì pọ̀ fúnra yín. Bí ẹ bá ṣí ìwé páálí Marseille tí ẹ sì bá "ìrìn àjò orí omi" lábẹ́ Idà Mẹ́fà láìsí àlàyé mìíràn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ìwé ẹlòmíràn ni wọ́n dà kọ sínú rẹ̀.

Páálí tí ń jẹ́ Thoth tún yàtọ̀. Ayàwòrán Lady Frieda Harris ni ó yà á fún òǹkọ̀wé Aleister Crowley láàrin 1938 sí 1943, àwọn méjèèjì sì ti kú kí káàdì náà tó jáde ní 1969. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sórí Idà Mẹ́fà rẹ̀ ni "Sáyẹ́ǹsì". Kò sí ọba láàrin àwọn ará ààfin rẹ̀. Ẹlẹ́ṣin, ayaba, ọmọ ọba ọkùnrin àti ọmọ ọba obìnrin ni ẹ ó bá níbẹ̀. Àlàyé kíkún wà nínú ìwé ńlá tí Crowley tẹ̀ ní 1944, ìwé pélébé inú páálí kò sì lè ṣe ju kí ó júwe ọ̀nà ibẹ̀ lọ. N kò rí ìdí tí ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ yóò fi fi èyí ṣe páálí àkọ́kọ́, àfi bí ó bá ti pinnu láti ra ìwé ńlá náà pẹ̀lú.

Bébà tí kò ju kóòdù QR lọ

N kò ní pẹ́ lórí èyí. Ọ̀pọ̀ páálí olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ṣe àdàkọ rẹ̀ ni kò ní ìwé; bébà kan ni wọ́n fi sí i, pẹ̀lú kóòdù QR tí ẹ ó fi fóònù yà kí ó tó gbé yín lọ sí ibi tí ìwé wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó lo dátà, ẹ ó máa wo fóònù àti káàdì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí ó ni ojú òpó náà bá sì gbé e kúrò lọ́la, ìwé yín ti lọ nìyẹn. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ gbé ìwé náà sórí fóònù yín lọ́jọ́ tí ó ṣì wà.

Èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún

Fún akẹ́kọ̀ọ́ tàbí oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, páálí tí ó ní àwòrán Waite àti Smith, tàbí àwòrán tí ó tẹ̀ lé tiwọn, ni mo yàn, pẹ̀lú ìwé tí ó wà ní èdè kan ṣoṣo, tí ó ṣàpèjúwe àwòrán kí ó tó sọ ìtumọ̀, tí ó sì ní ìtò káàdì kan àti mẹ́ta. Kì í ṣe dandan kí ó nípọn. Bí owó bá wà, tí ẹ kò sì ní gbé e kiri, páálí ńlá tí kò yí orúkọ agbo ilé padà dára jù ú lọ. Ẹni tí ó ti mọ káàdì tẹ́lẹ̀, tí ó sì fẹ́ ohun tí yóò wọ àpò nínú ọkọ̀ ojú omi, kí ó mú ìwé kékeré funfun. Ti pé ìwé kan kò sọ nǹkankan nípa káàdì tí ó dorí kodò kò yẹ kí ó lé yín sẹ́yìn. Ìtumọ̀ 78 pọ̀ tó fún oṣù àkọ́kọ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí olùtajà ya fọ́tò ojú ewé méjì nínú ìwé náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ọ̀kan jẹ́ ti Idà Mẹ́fà. Fọ́tò páálí nìkan kò tó. Ẹ béèrè iye ojú ewé àti iye èdè. Bí ìwé náà bá ń ṣèlérí pé káàdì yóò sọ àrùn tí ń ṣe ènìyàn tàbí ọjọ́ tí owó yóò wọlé, ẹ dá a padà fún un. Èyí tí ó mọ ààlà rẹ̀ a máa sọ fún òǹkàwé pé kí ó lọ bá dókítà fún ọ̀rọ̀ ara.

Ẹni tí ó bá ti ní káàdì tí kò ní ìwé kò nílò láti ra páálí mìíràn. Waite tún ìwé rẹ̀ tẹ̀ ní 1911 pẹ̀lú àwòrán gbogbo káàdì 78, orúkọ rẹ̀ sì ni The Pictorial Key to the Tarot. Waite kú ní 1942, Smith kú ní 1951, àádọ́rin ọdún tí òfin ka lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé sì ti kọjá lórí àwọn méjèèjì, nítorí náà ẹ lè gbé e sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Sábọ̀, kí wọ́n tẹ apá tí ó kan ìtumọ̀ káàdì nìkan, kí wọ́n sì fi àyè tí ó fẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìwé, kí ẹ lè máa kọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín rí nínú àwòrán sí i ní Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo káàdì ńlá tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 8 nínú páálí yín. Bí ó bá jẹ́ obìnrin tí ó fọwọ́ kan ẹnu kìnnìún, ètò Waite ni páálí yín ń tẹ̀ lé. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó gbé òṣùwọ̀n lọ́wọ́, ètò Marseille ni, kìnnìún yóò sì wà ní 11. Ìwé tí wọ́n kọ fún páálí Marseille ni kí ẹ wá.